Alágbàfọ̀ Tí Kì Í Làágùn

Bí o bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ìyá Alágbàfọ̀ jẹ́, mú ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ fún un pé kó bá ọ fọ ọ́. Kò ní kọ́kọ́ wo ojú rẹ. Abẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì náà ni yóò kọ́kọ́ yí síta, yóò gbé e sókè níwájú gbogbo ẹni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, yóò wò ó bí ẹni ń wo òkú eku, yóò wá ní, "Haa! Ṣé ẹ̀yin lẹ wọ èyí, àbí ẹ fi wọ ẹṣin?" Àwọn tó wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́ẹ̀tì náà á bá wọn rín ín tipátipá, á sì yára jáde. Síbẹ̀ yóò padà wá, nítorí kò sí ẹlòmíràn ládùúgbò tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n abíyá kúrò lára aṣọ funfun láì jẹ́ kí aṣọ ya.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó sì mọ̀ ọ́n. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ti iwájú ni wọ́n ti ń gba aṣọ, tí wọ́n sì ń fi èyí tó ti mọ́ kọ́. Ti ẹ̀yìn ni agbada omi gbígbóná wà, pẹ̀lú àwọn ọpọ́n ìfọṣọ àti tábìlì ìlọṣọ méjì tó kọjú síra wọn. Ooru yàrá ẹ̀yìn yẹn lè mú kí ọ̀dà bó lára ògiri, ó sì ti bó lóòótọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ á dúró nídìí áyọ́ọ̀nù níbẹ̀ láti àárọ̀, ojú rẹ̀ á gbẹ táútáú. Ó fi ń yangàn. "Èmi? Kí n làágùn? Ara mi gbẹ bíi pátákó. Ẹni tó bá ń làágùn láì sáré, irọ́ ló ń pa lọ́wọ́. Ẹ̀rí ọkàn ló ń sunkún, tí ẹkún ń gba abíyá jáde."

Bàbá Alọṣọ, arúgbó tó ń bá a lọ aṣọ nídìí tábìlì kejì, kì í dá sí i. Òun náà kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di oyè.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ìyá Alágbàfọ̀ bí kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Ilé ìtàwé ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá sọ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, inú ìyá rẹ̀ dùn. Ọmọ náà ní ayàwòrán-ilé ni ọkùnrin náà, ẹni tó ń ya àwòrán ilé sórí ìwé kí àwọn bíríkìlà tó mọ ọ́n. Ìyá ní kó mú un wá. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, kó wá bá òun wo ọmọ ènìyàn náà dáadáa.

Ayàwòrán-ilé dé lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. Ó ga, ó mọ́ra, ó wọ kóòtù. Ó di áńkáṣífù mú bí ẹni di okùn mú lórí àfárá. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá na ọwọ́ sí i, kò sì sí bí kò ṣe ní gbà á. Ó fi áńkáṣífù nu ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì, ó wá gba ọwọ́ náà.

Ìyá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nu ún mọ́ aṣọ, níṣojú gbogbo wọn.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé òjò ń rọ̀ níta ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Mo ní kí n béèrè ni. Ó jọ pé orí tìẹ nìkan ló rọ̀ sí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé tíì wá, ife fẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ló bá gbé e kalẹ̀ láì mu ún. Òógùn ń ṣàn ní ẹ̀bá etí rẹ̀ wọ inú kọ́là. Gbogbo ìyẹn ni Ìyá ń wò bí ẹni tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí wá fún.

Ọkùnrin náà rí i pé ó sàn kí òun sọ ọ́ síta. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́, ẹsẹ̀ àti abíyá ni. Mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Wọ́n ní àwọn iṣan tó ń pàṣẹ fún òógùn ló ń pàṣẹ ju bó ṣe yẹ lọ, àgàgà tí ojú bá pọ̀ lára mi. Tí mo bá ti sùn, ó máa ń dá wáí."

"Ẹn-ẹ́n," ni Ìyá wí. "Ìyẹn ni pé tí ọmọ mi bá fẹ́ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, kó dúró kí ọkọ sùn ná?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tòun, ata ló ń jẹ jù. Ó tún ronú díẹ̀, ó ní ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù ìyàwó ló ń bà á. Ó ronú sí i, ó ní ẹnìkan wà tí àwọn jọ wa ọkọ̀ ojú irin, tó ń làágùn bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ìyá ní, "Ẹ ò rí nǹkan!"

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìbínú bẹ́ sílẹ̀. Ìyá ti sọ ọkùnrin náà lórúkọ kí ilẹ̀kùn tó padé. Ẹnu-Ẹ̀rọ ló pè é, nítorí pé omi kì í dá lẹ́nu ẹ̀rọ. "Ẹnu-Ẹ̀rọ ò ní fẹ́ ọmọ mi. Tẹ́ ẹ bá bímọ ńkọ́? Korobá la máa fi gba ọmọ náà? Ohun tí ọkùnrin yẹn ń bò mọ́lẹ̀ pọ̀, ara rẹ̀ ló ń tú u jáde yẹn."

Ọmọbìnrin náà, ẹni tí kì í gbó ìyá rẹ̀ lẹ́nu, dìde. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo aṣọ àdúgbò lẹ fọ mọ́, ẹnu yín nìkan ló kù." Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé. Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá pé àwọn méjèèjì ń lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní kóòtù, kó jọ̀wọ́ kó wá. Ó dá oníṣẹ́ lóhùn pé, "Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kó lọ lúwẹ̀ẹ́." Kò lọ. Ní ọjọ́ náà, aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ló dúró lọ̀, ó sì ń tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ wọn bí ẹni pé aṣọ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ara tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọrùn ló ti kọ́kọ́ rí i, bí ìgbà tí ẹnìkan ń rọra da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lẹ́yìn. Ó ní agbada ló ń gbóná jù. Wọ́n dín iná agbada kù. Ó ní fèrèsé ò tóbi. Wọ́n sún tábìlì rẹ̀ sídìí fèrèsé. Ó ra fáànù, ó sì bá fáànù jà pé ooru ló ń fẹ́. Nígbà tí kò rí ohun tó máa dá lẹ́bi mọ́, òógùn náà ń bọ̀ síbẹ̀: láyà, lẹ́yìn, nítan, lórí, nínú irun ojú. Bó bá jókòó, ó ń bọ̀. Bó bá sùn, á jí sínú aṣọ tó tutù rinrin. Ìgbà tí ara obìnrin máa ń yí padà, tí ooru máa ń gbà wọ́n lójijì, ti kọjá lára rẹ̀ tipẹ́. Kò lè fi ìyẹn ṣàwáwí.

Kì í ṣe òógùn nìkan. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tí ajá ń lé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ń jẹun bí èèyàn méjì, síbẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń yọ̀ ní ìdí, ó ń fi píìnì há a. Ó ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àìsàn ni, torí pé bẹ́ẹ̀ náà ló ti ń kanra tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni obìnrin olóye yìí ṣe? Ṣé ó wá dókítà lọ? Rárá o. Aṣọ dúdú ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Ó ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á yọ́ wọ ẹ̀yìn, á pààrọ̀ búláòsì. Nígbà tí Bàbá Alọṣọ bá sì ti lọ sílé, á ti ilẹ̀kùn, á da abẹ́ apá aṣọ tirẹ̀ síta, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha á níkọ̀kọ̀ bí olè. Alágbàfọ̀ tó ń fi abíyá gbogbo ayé ṣeré wá ń sá pamọ́ fọ ti ara rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ gbọ́. Á jókòó sórí ìjókòó kékeré nínú yàrá ẹ̀yìn, á máa bi ara rẹ̀ pé irọ́ wo ni òun pa, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òun dá tí ara òun fi ń sunkún. Kò rí ìdáhùn, tàbí ká sọ pé ó rí i, ó gbójú kúrò.

Ìyàwó tuntun kan gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wá fún wọn láti lọ̀, sílíìkì funfun tó ń dán bí omi. Irú sílíìkì yẹn kò gbọdọ̀ rí omi. Ibi tí omi bá kán sí, àmì á wà níbẹ̀. Ìyá ní òun fúnra òun ni òun máa lọ̀ ọ́. Ó ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni òógùn já bọ́ ní iwájú orí rẹ̀, ó kán sí àyà aṣọ náà. Ó gbìyànjú láti nu ún, ọwọ́ rẹ̀ tó tutù ló tún fi kún un. Nígbà tí ìyá ìyàwó wá gba aṣọ, tó rí àbàwọ́n, ó pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá ní títì dúró.

"Ta ló làágùn sórí aṣọ ọmọ mi?"

Ìyá Alágbàfọ̀ wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó na ìka sí Bàbá Alọṣọ.

"Ẹ bá mi bi arúgbó yìí," ó ní. "Mo ti sọ fún un títí pé kó máa nu ojú rẹ̀."

Bàbá náà gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Kò jà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó yọ okùn áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, ó ká a dáadáa, ó mú fìlà rẹ̀ níbi tó fi kọ́, ó ní, "Màdáámù, ó dàbọ̀." Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ èèyàn méjì wá di ti èèyàn kan. Ìyá ń fọ̀, ó ń sá, ó ń lọ̀, òógùn ń wọ́ tẹ̀lé e káàkiri ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ sókè, ilẹ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ṣubú sáàárín àwọn aṣọ oníbàárà. Dókítà obìnrin kan tó wá gba kóòtù funfun rẹ̀ ló rí i nílẹ̀. Dókítà yìí gan-an ti jẹ nínú ẹ̀sín rẹ̀ rí. Ìyá ti bi í níwájú èèyàn pé ṣé ti aláìsàn ni òógùn tó wà lára kóòtù náà àbí tirẹ̀. Dókítà ò rántí ìyẹn, tàbí ó rántí tí kò sọ ọ́. Ó pe ọkọ̀, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù.

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí," ni Ìyá ń sọ lórí ibùsùn. "Ebi ni. Mi ò tíì jẹun ni."

"Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mà," ni dókítà wí. Ó tẹ́ ewé ìwé kan lé ìka rẹ̀. Ìwé náà ń gbọ̀n rìrì. Ó ní kó gbé omi mì, ó sì ń wo ọrùn rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sókè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó béèrè oorun, oúnjẹ, ìwúwo ara, oògùn tó ń lò. Ìyá dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Dókítà, àbí irọ́ tí mo pa ni?"

"Irọ́ kẹ̀?"

"Òógùn yìí. Wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá fa aṣọ ìbora bo àyà. Kí ló fẹ́ sọ?

Dókítà fa àga, ó jókòó. Ó ní òógùn ni omi tí ara fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní àwọn kan wà tí iṣan wọn ń ṣàṣejù láti kékeré, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, lábíyá. Ó máa ń wà nínú ìdílé, kò sì sí àrùn kankan tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. "Wọn ò jalè, wọn ò purọ́, wọ́n kàn tutù ni. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀, tó bo gbogbo ara, tó tún ń yọ ọ́ lẹ́nu lójú oorun, a gbọ́dọ̀ wádìí. Ṣúgà lè ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ ibà, tàbí ikọ́ ife. Oògùn míì tí èèyàn ń lò lè fà á. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀jẹ̀ yín ná, mi ò fẹ́ méfò."

Èsì dé, ó sì bá ohun tí dókítà fura sí mu. Ohun kékeré kan wà níwájú ọrùn èèyàn, tó na ìyẹ́ bíi labalábá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun. Táírọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára tó. Ti Ìyá ti ya wèrè. Ó ń lé ara rẹ̀ ní eré lórí ìjókòó, ó ń jó oúnjẹ bíi koríko gbígbẹ, ooru ibẹ̀ ló sì ń di òógùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá wò ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Búréèkì ló ti já." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí ọkùnrin yẹn sọ jọ òtítọ́.

Wọ́n dá a dúró lọ́sibítù torí ọkàn rẹ̀ tó ń sáré. Oògùn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Òógùn náà ń bọ̀ síbẹ̀, aṣọ ibùsùn ń tutù. Obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì fi ọwọ́ bo imú, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ìyá yìí sọ́hùn-ún. Ṣé odò ni wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ni?" Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ. Bí òun alára ṣe máa sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó yíjú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òun àti Ẹnu-Ẹ̀rọ bá a. Nọ́ọ̀sì fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó ń wá ẹni tó máa bá a gbé aláìsàn dìde. Ọkọ ọmọ rẹ̀ bọ́ kóòtù, ó nu ọwọ́ mọ́ áńkáṣífù, ó dúró díẹ̀.

"Ọwọ́ mi tutù o, mà."

"Èmi wá gbẹ ni?" ni Ìyá kígbe mọ́ ọn. "Gbé mi jàre!"

Ó gbé e. Kò yí imú, kò sì ya ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dì í mú gírígírí títí wọ́n fi tẹ́ aṣọ gbígbẹ, ó wá rọra dá a padà. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn.

"Láti ìgbà wo, Mọ́mì?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ìyá wo òrùlé. Ó ní, "Ohun tí mo sọ sí ọkọ ẹ ni mo rò pé ẹ máa sọ sí mi."

Omi dé ojú ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò sáré dárí jì í. "A ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn ní kóòtù," ó ní. "Àga yín ló ṣófo níbẹ̀. Ẹ máa rí i tẹ́ ẹ bá délé wa." Ìyá ní òun gbọ́.

Ó gbà á ní àkókò, ṣùgbọ́n oògùn náà ṣiṣẹ́. Àyà rẹ̀ rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ẹran padà sára rẹ̀, òógùn sì fà sẹ́yìn. Nígbà tí agbára rẹ̀ tó ti ìrìn, ó ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó tó ni aṣọ sílíìkì pé òun lòun làágùn sí i. Obìnrin yẹn bú u láti orí dé àtàǹpàkò, ó sì gbà á mì. Ó wá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí Bàbá Alọṣọ ti ń lọ aṣọ báyìí. Ó bá a láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo làágùn sí aṣọ yẹn. Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀, Màdáámù. Ìṣojú mi ló kán sí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò wí nígbà náà?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́?" ni bàbá náà wí, ó ń tẹ kọ́là kan lọ. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í làágùn."

Ó bẹ̀ ẹ́ kó padà. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní rárá, ó ní níbí yìí, wọ́n máa ń kí òun láàárọ̀. Ìyá pòṣé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló pòṣé sí, ó sì wá ẹlòmíràn gbà síṣẹ́.

Kò di ẹni mímọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ó ṣì ń yí abẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì síta, nítorí iṣẹ́ ni. Á kàn wò ó, á ki ahọ́n bọ abẹ́ eyín, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á dúró máa retí èébú tí kò dé, wọ́n á sì lọ pẹ̀lú ìfura.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó lọ kí ọmọ rẹ̀. Ọmọ wà ní ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń ya àwòrán, ó fi aṣọ funfun wé àtẹ́lẹwọ́ kí òógùn má ba tàdáwà jẹ́ lórí ìwé. Ìyá jókòó tì í. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n wé náà.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan," ó ní. "Gbogbo ẹ̀sín tí wọ́n ń fi ọ́ ṣe láti kékeré yẹn, ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

Ọkùnrin náà ò gbé orí sókè. Ó fa ìlà kan parí, tààrà, ó gbé kálámù kúrò lórí ìwé.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ fi mí ṣe é, Mọ́mì," ó ní. "Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù."